Ọ̀rọ̀ "àfi" tó wà nínú òfin yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣebí Amẹ́ríkà ti fòfin de ẹrú láti 1865, kí ló dé tí wọ́n tún ń dìbò lé e lórí? Mo ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ní gúúsù ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Àtúnṣe Kẹtàlá tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ní 1865 ní kò gbọdọ̀ sí ẹrú mọ́, àfi tó bá jẹ́ ìjìyà fún ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ọ̀ràn. "Àfi" yẹn ni wàhálà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fi ń mú adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira lórí ẹ̀sùn pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi wọ́n háyà fún olóko àtàwọn tó ń wa èédú. Alabama ò jáwọ́ ńbẹ̀ títí di 1928.

Èmi, oko ni wọ́n ń kó wa lọ. Ìdájí la ó ti gbé ọkọ́, wọ́dà á wà lórí ẹṣin tòun tìbọn. Wọn kì í san kọ́bọ̀. Ìyàwó mi ló ń fowó ọṣẹ àti owó fóònù ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ẹ̀jẹ̀ rin èèkù ọkọ́, mo ní mi ò lè dì í mú mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo kọ iṣẹ́. Àhámọ́ èmi nìkan, ọ̀sẹ̀ méjì. Àárín rẹ̀ ni ìyá mi dé láti Ìbàdàn, wọn ò jẹ́ kó rí mi.

Iṣẹ́ kọ́ ló dùn mí. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá, tó bá ti ṣe tolówó rẹ̀ tán, á ya oko tirẹ̀. Èmi ò ní ẹnu tí mo fi lè sọ pé ara mi ò yá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí á yọ "àfi" náà, ṣùgbọ́n yíyọ rẹ̀ nìkan ò tó. Ìpínlẹ̀ Colorado yọ ọ́ kúrò nínú òfin tiwọn ní 2018. Ní 2022, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ ṣì gba ilé ẹjọ́ lọ pé ẹni tó bá kọ iṣẹ́ ṣì ń jìyà. California fẹ́ kọ ọ́ ní kedere ní 2024 pé wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn olùdìbò ní àwọn ò fẹ́. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Nevada gbà kí wọ́n yọ "àfi" náà kúrò nínú òfin tiwọn. Ọ̀rọ̀ "ẹrú" wà lórí ìwé ìdìbò Nevada. "Iṣẹ́ túláàsì" nìkan ló wà lórí ti California. Lójú tèmi, ìyẹn kún ohun tó fà á.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹlẹ́wọ̀n ò ní máa jókòó lásán. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi àwọn sí ilé ìdáná pọ̀ ju àyè tó wà lọ. Oṣù méje lèmi fi dúró kó tó kàn mí.