Níbi tí ọwọ́ rẹ bá ti dúró: kíka pláànì àti specification fún sọ̀fíyọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Mo ń kọ́ṣẹ́ sọ̀fíyọ̀, kì í ṣe ti àwọn tó ń wọn ilẹ̀ o, ti àwọn tó ń ṣírò iṣẹ́ ilé tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá tó ń kọ́ mi gbé pláànì ilé alájà mẹ́ta kan àti specification rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń sọ irú ohun èlò àti bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà, fún mi, ó ní kí n kà wọ́n, kí n wá sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà á, mi ò rí ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ jókòó tì í fún wákàtí kan péré, ó rí nǹkan mọ́kànlá. Mo mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n wọ́n. Kí wá ni mi ò mọ̀? Ṣé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé kún un ni?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, má wulẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé. Ohun tí ayàwòrán ń bi ara rẹ̀ ni bí ilé náà yóò ṣe rí àti bí àwọn tó máa gbé inú rẹ̀ yóò ṣe lò ó. Ìbéèrè tìrẹ yàtọ̀. Ṣé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ yìí tó fún bíríkìlà láti fi kọ́ ilé? Ṣé ó tó fún agbaṣẹ́ṣe láti fi dá iye lé e? Bí wọ́n bá sì kọ́ ọ tán, ṣé ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò á rí ohun tó lè dúró lé lórí láti sọ pé èyí dáa, èyí kò dáa? O mọ orúkọ nǹkan lóòótọ́. O ò tíì máa béèrè ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbi tí wọ́n fi í sí, àti ohun tó fọwọ́ kàn.

Irú ìyà tó ń jẹ ọ́ yìí ti jẹ èmi náà rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi kò tilẹ̀ bá mi wí. Ó fún mi ní pẹ́ńsù, ó ní kí n mú ògiri kan ṣoṣo, kí n tẹ̀ lé e láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀, kí n sì ya gbogbo ibi tí nǹkan méjì ti pàdé ní ìwọ̀n 1:5, ìyẹn 1 mm lórí ìwé fún 5 mm lára ilé. Òfin kan ló fi lé e: mi ò gbọ́dọ̀ ya ohunkóhun tí pláànì tàbí specification kò sọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ mi fi dúró. Ibi tí ọwọ́ ti dúró yẹn gan-an ni àṣìṣe wà. Títí di òní, bí mo ṣe ń kàwé nìyẹn, ohun tí mo sì fẹ́ kí o lọ ṣe nìyẹn. Jẹ́ kí n mú ọ rìn díẹ̀ níbẹ̀.

Bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí o máa bá omi òjò sọ̀ kalẹ̀. Ká ní òrùlé pẹrẹsẹ ni. Specification ní kí ó dà gẹ̀rẹ́ ní 1:40, ìyẹn kí ó fi mítà kan wálẹ̀ nínú ogójì mítà. Wọ́n ń kọ 1:40 nítorí pé ilé kì í jáde gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe yà á. Sílábù a máa tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ òṣìṣẹ́ a máa yẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ya 1:40 ló máa rí nǹkan bíi 1:80 gbà níkẹyìn, omi á sì ṣàn. O kà á, o ní ó dáa, o ṣí ojú ewé tó kàn. Ṣùgbọ́n yà á ná. Láti ibi tó ga jù dé ihò tí omi ń gbà jáde jẹ́ mítà mẹ́jọ. Pín in sí ogójì, ó di 200 mm. Ìpele tó ń dènà ooru wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn 100 mm. Ògiri kúkúrú tó yí òrùlé ká, pláànì ní ó fi 300 mm ga ju sílábù lọ. 200 àti 100, 300 náà nìyẹn! Níbi tó ga jù, ojú òrùlé ti bá orí ògiri dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ specification kan náà ní, lójú ewé mìíràn, pé kí awọ tó ń dènà omi gun ògiri yẹn sókè tó 150 mm. Kó gun kí ni? Gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tọ̀nà bí o bá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àfi ìgbà tí o bá kó wọn pàdé lórí ìwé kan ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Sọ̀ kalẹ̀ dé etí sílábù tó yọ síta lókè fèrèsé. Omi kì í kán láti etí bẹ́ẹ̀ lásán. Á lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, á sì fà padà wá sára ògiri. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìlà kòtò kékeré kan sí abẹ́ etí yẹn, kí omi lè já níbẹ̀. Ayàwòrán yà á, ó jìn tó 15 mm. Ó dáa. Ẹnjiníà, nínú ìwé tirẹ̀, ní kí kọnkéré tó bo irin jẹ́ 25 mm. Ìyẹn náà dáa. Yà wọ́n pọ̀: lókè ìlà kòtò yẹn, 10 mm ló kù tó bo irin. Ohun tó ń dáàbò bo irin nínú kọnkéré ju pé a bò ó lọ. Símẹ́ǹtì ló sọ ibẹ̀ di ibi tí irin kì í ti í dípẹtà. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ojú kọnkéré, ó ń pa agbára yẹn, bí ìbòrí bá sì ṣe fẹ́lẹ́ tó ni yóò ṣe yá dé ara irin tó. Ìpẹtà gba àyè ju irin tó bí i lọ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán, ìdí nìyẹn tí kọnkéré fi ń bó lábẹ́ etí irú sílábù bẹ́ẹ̀. Ta ló ṣẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Kò sẹ́nì kan. Kò kàn sẹ́ni tó ka ìwé wọn pọ̀ ni.

Ojú fèrèsé, ìyẹn pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé níta, ńkọ́? Ìlà kòtò yẹn náà ni kí o wá, nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àti bí ó ṣe yọ síta tó kúrò lójú ògiri. Bíi 40 mm ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Mo rántí ilé kan tí mo bá wọn ṣírò nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́. Mo ka iye ojú fèrèsé rẹ̀ pé pérépéré, mo wọn gígùn wọn, mi ò bi ara mi bí omi ṣe máa kúrò lórí wọn. Kò pẹ́ tí omijé dúdú fi fa ìlà sábẹ́ gbogbo fèrèsé yẹn. Mo ṣì máa ń wò ó tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá.

Ìsàlẹ̀ ògiri ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró. Omi inú ilẹ̀ a máa gun ara ògiri, bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́ ìpele tí omi kò lè gbà kọjá sínú ògiri, èyí tí a ń pè ní DPC, kì í sì í dín ní 150 mm sókè ilẹ̀ ìta, kí òjò tó bá ta padà láti ilẹ̀ má bàa fò ó. Gbogbo specification ló ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n pláànì àgbàlá, tí ẹlòmíràn yà ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lè ti gbé òkúta ilẹ̀ sókè kí kẹ̀kẹ́ aláìlera lè wọlé láìsí àtẹ̀gùn. Ohun tó dáa ni wọ́n ṣe, àmọ́ 150 mm ti wọlẹ̀ lọ. Ọ̀nà wà láti tún un ṣe, bíi kí wọ́n fi gọ́tà tóóró tó ní ìdérí onírin sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ yà á, kí ó sì wọ ìṣirò. Wo ìrẹ́ ara ògiri níta pẹ̀lú. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ wá sílẹ̀ bo ojú DPC, omi ti rí àkàsọ̀ gùn nìyẹn.

Kúrò lára ògiri díẹ̀, kí o wo àtẹ̀gùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ ti máa kọ́kọ́ wò. Wọ́n ya ìpele àtẹ̀gùn kọnkéré, ọ̀kọ̀ọ̀kan 170 mm, láti ojú sílábù dé ojú sílábù. Specification ní kí wọ́n tẹ́ símẹ́ǹtì àti táìsì sílẹ̀ yàrá, àpapọ̀ 65 mm, kí wọ́n sì tẹ́ táìsì sórí àtẹ̀gùn, 20 mm. Ṣírò rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ di 170 àti 20, yọ 65 kúrò, ó kù 125 mm. Ti òkè pátápátá di 170 àti 65, yọ 20, ó di 215 mm. Àwọn tó kù jẹ́ 170. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í wo àtẹ̀gùn. Ó ń rántí gíga ìpele tó gùn kẹ́yìn ni. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn lè ṣubú.

Bí ògiri bá gùn, wá ibi tí wọ́n ti gé e. Bíríkì amọ̀ tí a sun bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò nínú iná, ó sì ń wú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òdìkejì ni búlọ́ọ̀kù kọnkéré, bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì. Nítorí náà, a máa ń fi àlàfo sáàárín bíríkì amọ̀ ní mítà 10 sí 12, ti búlọ́ọ̀kù sì tó bíi mítà mẹ́fà. Bí a ò bá fún ògiri lẹ́nu, á lanu fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o wá ni ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi dí àlàfo náà. Ti bíríkì amọ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀, kó ṣeé tẹ̀ mọ́ra, torí bíríkì ń bọ̀ wá sínú àlàfo yẹn. Bí specification bá kọ ohun kan náà fún méjèèjì, ẹni tó kọ ọ́ kò rò ó. Lẹ́yìn náà, wo pláànì ojú ilé bóyá àlàfo náà kò gba orí fèrèsé kọjá, níbi tí líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìtì tó gbé ògiri orí fèrèsé dúró, ti gbé orí lé ògiri.

Ó ku èdè specification fúnra rẹ̀. Àwọn gbólóhùn kan wà tó yẹ kí o máa fura tí o bá rí wọn. "Tó dára jù lọ." Ta ló máa sọ bí ó ṣe dára tó? "Tàbí irú rẹ̀." Ta ló máa fọwọ́ sí i pé irú rẹ̀ ni, kí wọ́n tó rà á tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni kí specification kọ "gẹ́gẹ́ bí pláànì ṣe fi hàn", kí pláànì náà kọ "gẹ́gẹ́ bí specification ṣe sọ". Wọ́n ti fi iṣẹ́ ran ara wọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Bí o bá sì rí ohun kan tí kò sí níbì kankan nínú pláànì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ara iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ.

Nọ́ńbà pàápàá lè tan èèyàn. C25/30 fún kọnkéré dà bíi pé ó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Agbára rẹ̀ ní N/mm² lẹ́yìn ọjọ́ 28 ni, 25 bí àpẹẹrẹ tí a tẹ̀ wò bá rí bí agolo, 30 bó bá jẹ́ kúùbù. Kò sọ iye omi tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ sí símẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ omi tó bá pọ̀ jù máa gbẹ kúrò, á fi ihò tíntìntín sílẹ̀. Kò sọ bí òkúta rẹ̀ ṣe tóbi tó, kò sì sọ ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ kó má tètè gbẹ. Bí àwọn yẹn kò bá sí níbì kankan, specification kò tíì pé. Ti àpòpọ̀ tí wọ́n fi ń to bíríkì, àwọn alákọ̀ọ́ṣẹ́ máa ń rò pé bó ṣe le tó ló ṣe dáa tó. Kò gbọ́dọ̀ le ju bíríkì lọ, kó lè jẹ́ pé bí nǹkan bá máa sán, oríkèé ló máa sán, torí ìyẹn ṣeé tún ṣe.

Bí o bá wá rí àṣìṣe, má ṣe tún un ṣe fúnra rẹ. Má sì fi rúlà wọn pláànì láti mọ ìwọ̀n tí wọn ò kọ. Béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Ẹni tó bá yan ọ̀kan nínú ohun méjì tó ń takora ti di ayàwòrán, láìgba owó ayàwòrán. Kọ nọ́ńbà pláànì àti ìlà specification tó kàn, kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ, kọ ìdí tí méjèèjì kò fi lè dúró pọ̀, kí o sì béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ àti ọjọ́ tí o nílò èsì. Ìlà mẹ́rin ti tó. Mú èyí tí ọ̀gá rẹ rí, gbogbo mọ́kànlá, kí o kọ wọ́n báyìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì ya èyí tó bá ṣeé yà. Lẹ́yìn náà, padà sídìí ìwé náà pẹ̀lú pẹ́ńsù, bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, kí o wá ìkejìlá.