Fándéṣọ̀n tó di eérú, lípísítíìkì tó bá oúnjẹ lọ: bí a ṣe ń dán wọn wò kí ọjọ́ òde tó pé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, ẹgbẹ́ wa sì ń múra Ọjúde Ọba. Mo ra fándéṣọ̀n méjì ní ọjà Òkè-Ajé. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo ti dán méjèèjì wò, wọ́n sì bá mi mu níbẹ̀. Nígbà tí mo kùn wọ́n sójú nílé, ọ̀kan mú mi dà bí ẹni tó fi eérú ra ojú. Èkejì dára láàárọ̀, àmọ́ kó tó di ọ̀sán ó ti pọ́n bí ọsàn. Lípísítíìkì mi ní tirẹ̀ kì í kọjá oúnjẹ àkọ́kọ́. Báwo ni mo ṣe lè fi ọjà kan wé èkejì kí n tó tún náwó? Ṣé kí n kó fándéṣọ̀n méjèèjì dànù ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ má tíì kó nǹkan kan dànù, a óò padà dé orí wọn. Ibi tí ẹ ti dán wọn wò ló kó bá yín. Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í mú ọ̀rá jáde bíi ti ojú, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà bá ti ọrùn dọ́gba. Ojú ni a ti ń dán ohun ojú wò, nínú ìmọ́lẹ̀ ìta, pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ohun tó máa bá ọjà náà pàdé lọ́jọ́ òde, ìyẹn òógùn, ọ̀rá, epo ọbẹ̀ àti iná kámẹ́rà, nílé ni kó ti kọ́kọ́ bá a pàdé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí méjèèjì. Nǹkan mẹ́rin ló sábà ń fún fándéṣọ̀n láwọ̀: pupa, yẹ́lò àti dúdú, tí wọ́n jẹ́ ìbátan irin tó dógùn-ún, àti funfun kan tí wọ́n ń pè ní titanium dioxide. Bí funfun bá pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ kùn sí awọ dúdú, tí pupa àti yẹ́lò kò sì tó, eérú ló máa hàn. Ẹlòmíì á sáré lọ ra nọ́ńbà tó dúdú sí i, eérú náà á wá dúdú sí i ni. Èyí tí pupa tàbí yẹ́lò inú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ lẹ nílò. Ní ti èyí tó ń pọ́n lọ́sàn-án, èròjà fúyẹ́ inú rẹ̀ ló ti gbẹ lọ, tí ọ̀rá ojú sì rin àwọ̀ tó kù. Ẹ wo ilẹ̀ pupa ilé wa nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀: ilẹ̀ àná náà ni, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n ju bó ṣe rí nígbà tó gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ fi máa ń tan èèyàn jẹ.

Bí ẹ bá tún lọ sọ́jà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó fi igi mímọ́ bu díẹ̀ fún yín sínú ike kékeré, bí ẹyọ ẹ̀pà méjì. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kí ẹ gbà: èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ tiyín, èyí tó mọ́ jù ú lọ díẹ̀, àti èyí tó dúdú jù ú lọ díẹ̀. Ẹ yẹ ìgò rẹ̀ wò bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Kó tó kan ojú rárá, ẹ máa fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ kan kò tó, torí ohun tí ara kò gbà lè tó ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn. Bí ibẹ̀ bá yún, tó wú, tàbí tó sú, ẹ fi í sílẹ̀ bó ti wù kó wọ́n tó. Èyí ló fà á tó fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ òde, kì í ṣe lálẹ́ Iléyá.

Àwọ̀ ló kàn. Ẹ fọ ojú, ẹ fi ìpara tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ra á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ wá fa ìlà mẹ́ta láti etí àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, nọ́ńbà kan sí ìlà kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ mú dígí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjìji wà. Oòrùn gangan kò dára fún un, gílóòbù yẹ́lò inú ṣọ́ọ̀bù ló sì burú jù. Èyí tí ẹ bá wá tì, tó ti wọnú awọ, òun ni tiyín. Ẹ wò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí 2. Ohun tí wákàtí 2 bá wí ni kí ẹ gbà. Ẹ rántí pé iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú ju àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ má bá èyíkéyìí nínú wọn mú un. Ọrùn àti àyà ni kí ẹ wò, torí ọrùn aṣọ kò ní bò wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ẹ pín ojú sí méjì. Ọjà kan sápá ọ̀tún, èkejì sápá òsì. Kí gbogbo nǹkan tó kù dọ́gba: ìpara kan náà, kànrìnkàn kan náà, àtíkè kan náà, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀pà kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, torí ọwọ́ tí a fi ń nu ojú àti ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń gbé fóònù kì í ṣe ti méjèèjì. Bí ẹ bá kùn ún ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ yà á ní fọ́tò ní aago mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá àti méjì ọ̀sán, lójú fèrèsé kan náà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ imú, òkè ètè, àti ibi tí gèlè ń dé níwájú orí. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀.

Bó bá yẹ̀, ẹ má tíì dá fándéṣọ̀n lẹ́bi. Ẹ mú tíṣù funfun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ imú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ má nù ún. Ẹ jẹ́ kí tíṣù náà gbẹ, kí ẹ wá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá ń tàn bíi bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, ọ̀rá ló lé e. Bó bá gbẹ tí kò ku nǹkan kan ju àwọ̀ lọ, òógùn ni. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ síra. Fún ọ̀rá, ẹ dín ìpara àárọ̀ kù, ẹ tẹ àtíkè mọ́ iwájú orí, imú àti àgbọ̀n nìkan, kí ẹ sì fi tíṣù fa ọ̀rá náà lọ́sàn-án kí ẹ tó fi àtíkè kún un. Fún òógùn, àtíkè púpọ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́: yóò di ẹrẹ̀ lójú. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí àkọ́kọ́ gbẹ fún ìṣẹ́jú 3 kí èkejì tó gùn ún, kí ẹ sì wá èyí tí wọ́n kọ sí lára pé omi kì í wọ̀ ọ́.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ọjúde Ọba, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ 11 yá sí i lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Àkókò òjò nìyẹn, afẹ́fẹ́ tutù fún omi, òógùn kì í sì tètè gbẹ lára. Ohun tó dúró lójú nígbà ọyẹ́ lè ṣàn nígbà náà. Nítorí náà, ẹ we gèlè fún ìdánwò ìkẹyìn, kí ẹ sì wà níta fún wákàtí 2. Gèlè ń há ooru mọ́ orí, òógùn abẹ́ rẹ̀ á sì máa wá sí iwájú orí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹnì kan fi iná fóònù yà yín. Fándéṣọ̀n tó ní èròjà adènà oòrùn bíi titanium dioxide tàbí zinc oxide lè dá iná padà, kí ojú funfun ju ọrùn lọ nínú fọ́tò. Àtíkè tí kò ní àwọ̀, tí silica pọ̀ nínú rẹ̀, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Dígí kò lè fi èyí hàn yín.

Ó ku ètè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi lípísítíìkì tí gbogbo ọjà ti ń dán wò kan ẹnu yín. Egbò ètè tí kòkòrò herpes ń fà ń ràn. Orí ìka lẹ ó ti wo àwọ̀ rẹ̀, níbi tó pọ́n díẹ̀, torí ó sún mọ́ àwọ̀ ètè ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Bí ètè ìsàlẹ̀ yín bá pọ́n láàárín tó sì dúdú létí, lípísítíìkì kan á di àwọ̀ méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù ètè aláwọ̀ búráùn kun gbogbo rẹ̀.

Lípísítíìkì onígi, ìda àti òróró ló pọ̀ nínú rẹ̀: ó tu ètè lára, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ ife. Olómi tó ń gbẹ a máa fi awọ tín-ín-rín kan sílẹ̀ lórí ètè. Glọ́ọ̀sì kì í ṣe ti òde ọjọ́ gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á kun olómi yìí sọ́wọ́, wọ́n á da omi lé e, wọ́n á fi ọwọ́ pa á, wọ́n á ní kò lọ. Omi kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ lè mu gàrí Ìjẹ̀bú tútù títí, kò ní yẹ̀. Ẹ fi ìkọ́kọrẹ́ dán an wò, ẹ ó rí i pé àárín ètè ló máa kọ́kọ́ ṣí, torí epo ń tú awọ náà ká láti inú wá. Bí ẹ ó ṣe dán an wò nìyí: ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kan fẹ́lẹ́, ẹ má pa ètè pọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ tẹ tíṣù mọ́ ọn, ẹ jẹ oúnjẹ elépo, ẹ tún tẹ tíṣù míì. Ẹ kọ orúkọ ọjà sára tíṣù méjèèjì, kí ẹ fi wọ́n pamọ́. Ọjà kan lọ́jọ́ kan, torí ètè kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a lè pín sí méjì: ẹ̀gbẹ́ kan á máa kó ran èkejì.

Bó bá ṣí lóde, ẹ má kun tuntun lé orí epo. Yóò ṣù jọ. Ẹ fi tíṣù nu ètè dáadáa, kó gbẹ, kí ẹ tó tún un kùn lẹ́ẹ̀kan. Bákan náà, fasilíìnì tí ẹ fi sùn kí ètè má baà là, ẹ nù ún kúrò láàárọ̀. Olómi kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá.

Ó wá ku fándéṣọ̀n méjì tí ẹ rà. Ẹ wo àwòrán ìgò tó ṣí lẹ́yìn rẹ̀: 12M túmọ̀ sí oṣù 12 láti ọjọ́ tí ẹ ṣí i. Bí òórùn rẹ̀ kò bá tíì yí padà, ẹ kán ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ pò wọ́n. Bí wọ́n bá ń yà bí omi àti epo, ọ̀kan jẹ́ olómi, èkejì jẹ́ onísílíkónì, wọn kò ní bá ara wọn gbé. Bí wọ́n bá pò dán, eléérú kò ní pupa tó, èkejì sì ní in lápọ̀jù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ara wọn ṣe. Ẹ dán ẹyọ méjì eléérú sí ẹyọ kan èkejì wò, ẹ tún dán ọ̀kan sí ọ̀kan wò, létí àgbọ̀n, fún wákàtí 2. Ìwọ̀n tí ẹ ó lò lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ máa pò, lórí àwo kékeré, kì í ṣe nínú ìgò.