Ṣé wàsábì lè pa aràn inú ẹja àìsè? Ìdáhùn láti ẹnu wòléwòlé

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston níbí la ń gbé. Ọkọ mi máa pé ogójì ọdún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì fẹ́ gbé wa lọ sí ilé sùṣì kan, oúnjẹ ìrẹsì àti ẹja àìsè àwọn ará Jàpáàn yẹn, tó jẹ́ pé owó ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń san, á wá máa jẹ títí tó fi máa sú u. Mi ò jẹ ẹja tí wọn ò sè rí. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan ní kí n má bẹ̀rù, pé tí n bá ti fi wàsábì, nǹkan aláwọ̀ ewé wọn tó ń ta bí ata yẹn, tó pọ̀ jẹ ẹ́, tí mo sì fi ọtí gbígbóná díẹ̀ lé e, kò sí aràn tó máa yè é. Mo wà nínú oyún oṣù márùn-ún, mi ò lè mutí. Ṣé wàsábì nìkan tó? Báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Ọmọ wa ọlọ́dún márùn-ún náà máa bá wa lọ.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire oyún o, àbúrò mi, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín yẹn ò dúró dáadáa láti ìpìlẹ̀. Ẹ ní báwo ni kí wàsábì pọ̀ tó. Bó kún kóńgò, kò pa aràn. Ata kì í pa aràn inú ẹja. Ọtí kì í pa á. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í pa á. Mo ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí níbi ìkómọ, mo ti dáhùn ẹ̀ lórí WhatsApp àwọn ará ìjọ wa, ó sì ti ń bí mi nínú báyìí torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n rí i nínú ìwé, ẹni tó bá wá gbà wọ́n gbọ́ ló máa lọ sùn ní ọsibítù.

Iṣẹ́ wòléwòlé ni mò ń ṣe. Láyé àwọn ìyá wa nílé, wòléwòlé ló ń ṣí àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Tèmi níbí, kíṣìnì ilé oúnjẹ ni mò ń wọ̀, tèmi ti tẹmomítà lọ́wọ́, mo sì ti wọ kíṣìnì sùṣì tó pọ̀ gan-an ní Texas yìí.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ mú wàsábì fúnra ẹ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo yín yẹn, kì í sábà jẹ́ wàsábì rárá. Wàsábì gidi, igi gbòǹgbò ewéko kan ni láti Jàpáàn, omi tútù tó ń ṣàn ló fẹ́ràn, ó ń pẹ́ kó tó gbó, ó sì wọ́n bí ojú. Ìgbà téèyàn bá fẹ́ jẹ ẹ́ gan-an ni wọ́n ń rin ín, torí títa ẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ilé oúnjẹ àjẹyó ò lè rí owó ẹ̀ san. Ìyẹ̀fun ni tiwọn, gbòǹgbò míì tí wọ́n ń pè ní horseradish ni wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ mọ́sítádì, wọ́n fi àwọ̀ ewé sí i, wọ́n pò ó mọ́ omi. Ó máa ta yín nímú, omi á dà lójú yín, ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn rò pé kò sí nǹkan tó lè yè é nìyẹn. Mo mọ̀ pé ohun tó ń ta inú ẹ̀ yẹn lè dí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan lọ́wọ́ nínú ilé àyẹ̀wò, mi ò jiyàn. Àmọ́ ojú ẹja lẹ fi í kàn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kẹ́ ẹ tó gbé e mì, inú ẹran ẹja lọ́hùn-ún sì ni aràn wà.

Ẹ jẹ́ n sọ irú aràn tó jẹ́ fún yín, torí téèyàn bá mọ ilé ẹ̀, á mọ̀ pé ata ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Anisakis ni wọ́n ń pè é. Ó funfun, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ó máa ń ká jọ bíi síprín inú bírò, èmi fúnra mi ti rí i tó ń yí lórí pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹja. Inú ikùn àbùùbùtán àti àwọn ẹran òkun bẹ́ẹ̀ ló ti ń dàgbà. Ẹyin ẹ̀ máa bá ìgbẹ́ wọn wọ omi, àwọn edé kéékèèké á jẹ ẹ́, ẹja á jẹ edé, àbùùbùtán á tún wá jẹ ẹja. Ẹ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa: ikùn tí ásíìdì ti ń lọ ẹja tòun tegungun, ibẹ̀ nilé ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sanra. Kí wá ni ọsàn wẹ́wẹ́ fẹ́ fi ṣe é? Kí ni sakè, ọtí ìrẹsì àwọn ará Jàpáàn, tí agbára ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, fẹ́ fi ṣe é?

Àwọn ará Sípéènì ti fara gbá ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹja wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń rẹ sínú fínígà, wọn kì í sè é, fínígà ni wọ́n gbà pé ó sè é. Aràn yìí ń bá wọn fà á títí, nígbà tó di 2006 ìjọba wọn ṣòfin pé ilé oúnjẹ tó bá fẹ́ gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ fún èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un dì nínú fírísà. Ẹja tó rẹ nínú fínígà o! Ṣé wàsábì tí ò tó orí ṣíbí ló máa wá ṣe é?

Tó bá wọnú èèyàn, kì í lè dàgbà níbẹ̀, àmọ́ á máa gbìyànjú àtigbẹ́ ara ìfun wọlé. Láàárín wákàtí mélòó kan inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn bí ọ̀bẹ, á máa bì. Nígbà míì ó máa ń gba pé kí dókítà ki rọ́bà tó ní kámẹ́rà gba ọ̀fun wọlé kó fi fa aràn náà jáde. Àlẹ́jì ẹ̀ náà wà o.

Ohun méjì ló ń pa á: iná àti òtútù tó le. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà, bíi NAFDAC tiwa, ní tí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹja fún èèyàn jẹ láìsè, kó ti wà nínú fírísà ní -20°C fún ọjọ́ méje, tàbí kó dì gbagidi ní -35°C, kó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 15. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀ bíi tuna, àti salmon tí wọ́n sìn tó jẹ́ oúnjẹ oníkóró nìkan ni wọ́n ń fún un jẹ, torí kò rí edé òkun tó ní aràn jẹ. Ìyẹn náà ló mú salmon wọnú sùṣì. Àwọn ará Jàpáàn fúnra wọn kì í jẹ salmon láìsè tẹ́lẹ̀ torí aràn pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pa lódò wọn, àwọn ará Nọ́wè ló gbé èyí tí wọ́n sìn lọ bá wọn láwọn ọdún 1980 sókè.

Ẹ má wá sọ pé ẹ máa ra ẹja ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ gbé e sí fírísà ilé yín mọ́jú o. Fírísà ilé sábà máa ń wà ní -18°C, ẹ sì ń ṣí i ẹ ń pa á dé lójúmọ́. Kò tó.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu nìyí. Nílé, ẹja áísì la kà sí ẹja ẹni tí ò lówó, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ìgbádùn á ní kí wọ́n mú àrọ̀ tó ń jà nínú bàsíà wá. Nínú sùṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja òkun tí wọ́n pa láàárọ̀ yìí lè ní aràn tó ń yí nínú, èyí tó ti dì bí òkúta lẹ lè fọkàn tán ní ti aràn. Tẹ́ ẹ bá rí saba lórí ìwé oúnjẹ wọn, títù ni, ẹbí títù tẹ́ ẹ fi ń se ọbẹ̀ ata, ó sì wà lára àwọn tí aràn yìí fẹ́ràn jù, fínígà ni wọ́n sì ń fi rẹ ẹ́.

Àmọ́ ti aràn nìyẹn o. Òtútù kì í pa kòkòrò àìfojúrí, oorun ló ń kùn wọ́n, tẹ́ja bá ti yọ́ wọ́n ti jí nìyẹn. Ibi tí sùṣì àjẹyó ti máa ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Kì í ṣe torí pé owó ẹ̀ ò wọ́n, ilé tí èrò pọ̀ níbẹ̀ ẹja wọn kì í pẹ́ nílẹ̀, ìyẹn dáa. Èyí tí wọ́n ti tò kalẹ̀ lórí tábìlì kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín bù ni mò ń sọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo wọ ilé kan ní aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn tó wá jẹun ọ̀sán ti lọ, tí alẹ́ ò tíì dé, mo ki tẹmomítà bọ tuna tó wà lórí áísì tó ti di omi, ó gbé 58°F wá. Kò yẹ kó kọjá 41°F. Ẹja yẹn pupa, ó ń dán, kò rùn rárá. Irú tuna bẹ́ẹ̀ lè ti ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní histamine nínú, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ ojú yín á pọ́n, orí á máa lù yín, ara á máa yún yín, ẹ ó rò pé àlẹ́jì ni. Bí wọ́n bá tiẹ̀ padà dín in, kì í lọ. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi dà á nù, ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà ń bá mi jà.

Fínígà tó ń ṣiṣẹ́ nínú sùṣì, inú ìrẹsì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìrẹsì sísè tó bá jókòó láìgbóná láìtutù máa ń hu kòkòrò tó ń mú èèyàn bì, kíkan fínígà ni kì í jẹ́ kó ráyè, mo máa ń ki bébà kékeré kan bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bó bá kan tó.

Ẹ jọ̀ọ́, oyster tútù, ẹran òkun inú ìkarahun tí wọ́n máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ sùṣì níbi àjẹyó, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án nínú yín. Etí òkun Gulf tiwa níbí ní kòkòrò kan tó ń jẹ́ Vibrio vulnificus, àgàgà tí omi bá gbóná. Wọ́n á ní ẹ da ata olómi lé e, ẹ fún ọsàn sí i. Irọ́ kan náà ni, FDA pàápàá ti sọ pé ata àti ọtí ò pa á. Ẹni tó bá ní àrùn ẹ̀dọ̀, tó fi mọ́ ẹ̀dọ̀ wíwú B tó pọ̀ láàárín àwa ará Nàìjíríà tí ọ̀pọ̀ ò tíì ṣàyẹ̀wò ẹ̀, ó lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mi ò fi dẹ́rù bà yín, bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀yin fúnra yín wá ńkọ́? Wòléwòlé ni mí, mi ò kì í ṣe dókítà, ẹ bi ẹni tó ń tọ́jú oyún yín. Ohun tí FDA sọ fún aboyún níbí ni pé kó má jẹ ẹja àìsè rárá, torí kòkòrò kan tó ń jẹ́ listeria, inú fíríìjì pàápàá ló ti ń pọ̀ sí i, ó sì lè ba oyún jẹ́. Ẹ lè ní ẹbí ní London tó máa sọ pé àwọn dókítà tibẹ̀ ní ẹja tó ti dì kò burú. Òótọ́ ni, ìmọ̀ràn wọn rọ̀ díẹ̀. Tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ fi ọmọ náà kún un, oúnjẹ sísè ni kẹ́ ẹ jọ jẹ, ó sì pọ̀ níbẹ̀: unagi, ẹja gígùn bí ejò tí wọ́n ti yan, ebi tó jẹ́ edé bíbọ̀, tempura tó jẹ́ edé tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò dín, ẹyin dídín, California roll tó jẹ́ ìrẹsì wíwé tí kì í sábà ní ẹja àìsè nínú. Kí wọ́n yí ọ̀bẹ àti pátákó padà kí wọ́n tó gé tiyín, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ má tijú.

Ọkọ yín àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, tára wọn bá dá, wọ́n lè jẹ ẹ́. Kí wọ́n máa bèèrè díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí máa ń gbowó lórí ohun tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kù, èèyàn á wá máa ti ìrẹsì mọ́ ọ̀fun. Kí wọ́n yan ibi tí wọ́n ti ń gé e lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bèèrè, kì í ṣe ibi tí wọ́n tò ó kalẹ̀.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ọjọ́ náà tó pé, bí aago mẹ́ta ọ̀sán tí ọwọ́ wọn dilẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ẹja tí wọ́n ń gé ní tútù, ṣé wọ́n ní ìwé lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á fún wọn pé ó ti dì bí òfin ṣe sọ, tàbí pé èyí tí wọ́n sìn ni. Òfin ní kí wọ́n ní ìwé yẹn. Tí wọ́n bá ní àwọn ní in, ó dáa. Tí wọ́n bá ní ẹja àwọn tuntun ni, pé àárọ̀ yìí ló dé, ẹ tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, tí wọn ò bá ṣì mẹ́nu ba fírísà, ẹ wá ibòmíì fún ọjọ́ ìbí ọkọ yín.