Wọ́n ti dá ẹ̀kọ́ Yorùbá àwọn ìbejì mi dúró: ṣé kí n kó wọn wá sí Ìjẹ̀bú?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, ọmọ Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ ni ọkọ mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí a ti ń gbé ní Göteborg, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Ìbejì ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, wọ́n ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti kíláàsì kìíní ni olùkọ́ Yorùbá kan ti ń kọ́ wọn lẹ́yìn iléèwé, ní gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè, fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ìjọba ló ń sanwó rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n jọ ń kọ́ ọ.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá parí, ìdílé kan kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé pé ẹ̀kọ́ Yorùbá ti dúró, pé iye ọmọ ò tó mọ́. Mo pe ọ̀gá iléèwé. Obìnrin náà bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: wọ́n bi àwọn ọmọ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, àwọn méjèèjì sì dáhùn pé Gẹ̀ẹ́sì àti Swedish ni. Ara mi bù máṣọ. Mi ò lè bá wọn wí, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni ọkọ mi ń ṣe, èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tí a bá pàdé nílé, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń yá lẹ́nu.

Èrò mi ni pé kí n kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá mi fún ọdún kan, kí wọ́n lọ sí iléèwé ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá yéké. Ọkọ mi ní owó tó máa ná wa pọ̀ jù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ mi ti lọ náà nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Göteborg


ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Àwọn ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, wọ́n á tọ́jú yín. Ṣágámù ni ilé bàbá mi, Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé ìyá mi, Malmö ni mo ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Àmọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, Ìta-Àlẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. A wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìbéèrè yín sí i létí, ó mi orí, ó ní, "Wọ́n ti tún gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wọn?"

Wọn ò tíì gbà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òfin.

Láti ìgbà àtúnṣe 1977 ni Sweden ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ bíi tiwa ní èdè ilé wọn. Ohun tí òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2010 sọ ni pé ọmọ tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní èdè abínibí mìíràn yàtọ̀ sí Swedish ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ èdè náà, bí ọmọ bá ń fi í sọ̀rọ̀ nílé lójoojúmọ́, tó sì ti ní ìpìlẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ kò di dandan tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ẹ ò bá pé márùn-ún, tàbí tí wọn ò bá rí olùkọ́ tó kún ojú òṣùwọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé iléèwé kan náà ni ọmọ márùn-ún yẹn gbọ́dọ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni iléèwé ni wọ́n ń wò. Bí ti ìjọba ìbílẹ̀ bá ni iléèwé yín, gbogbo ọmọ tó ń béèrè Yorùbá ní gbogbo iléèwé ìjọba ìbílẹ̀ Göteborg ni wọ́n máa kà pọ̀. Ọmọ tó bá wà ní iléèwé aládàáni, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni iléèwé tirẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Ẹ ti ní mẹ́ta nílẹ̀. Méjì péré ló kù, ní odindi ìlú tó tó Göteborg! Ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá iléèwé, ẹ bi í pé ṣé gbogbo ìlú ni wọ́n kà, kí ó sì fi ìwé dá yín lóhùn. Bí olùkọ́ bá ni wọn ò rí, òfin gbà kí ẹni tó wà ní ìlú mìíràn máa kọ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi yín ṣeré, ẹ lọ fi ẹjọ́ wọn sun Skolinspektionen, àjọ tó ń bójú tó iléèwé.

Nígbà tí ó kan àwa ní Malmö, ibi ìsọmọlórúkọ ni mo kó fọ́ọ̀mù lọ nínú báàgì mi. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì kiri ni mò ń bi àwọn ìyá pé, "Iléèwé wo lọmọ yín ń lọ?" Kí n tó jẹ mọ́ínmọ́ín tèmi tán, mo ti rí mẹ́rin. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́fà ní ìlú náà, kò mọ̀ rárá pé ọmọ òun ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Tí mo bá dúró létí òkun ní Malmö, mo máa ń rí Denmark lódìkejì. Ní 2002, ìjọba wọn yọ ọ́ kúrò lára ohun tó di dandan kí ìjọba ìbílẹ̀ máa kọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti ilẹ̀ bíi tiwa ní èdè wọn. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ EU ti Yúróòpù àti àwọn díẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún. Ní 2004, Netherlands náà dá owó tirẹ̀ dúró. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Copenhagen, àpò ara rẹ̀ ló fi ń san owó olùkọ́ ní gbogbo Sátidé, nígbà tí owó bá wà.

Ohun tí àwọn ìbejì sọ fún olùkọ́ ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ọmọ tèmi náà ti sọ ọ́ rí. Márùn-ún lè pé lónìí, kí wọ́n tún béèrè ìbéèrè kan náà lọ́la. Ẹ má kọ́ àwọn ọmọ láti parọ́, ẹ jọ̀wọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀tọ́ yìí, orí ohun tí ẹnu wa ń sọ nílé ni òfin gbé e lé, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wa kí lẹ́tà iléèwé tó dé.

Ó wá kan ti kíkó wọn wá sílé. Mo ti ṣe é, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ mi obìnrin nígbà tí mo mú un wá sí Ìjẹ̀bú-Òde níbí fún ọdún ẹ̀kọ́ kan. Mo wá iléèwé aládàáni tí gbogbo èèyàn ń yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ní ọ̀dà pupa pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mi sọ fún olùkọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mu omi." Wọ́n so pátákó kékeré kan mọ́ ọn lọ́rùn títí wọ́n fi jáde. Ọmọ tí mo gbé la òkun kọjá kó lè wá gbọ́ Yorùbá! Ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni wọ́n fún Yorùbá níbẹ̀, wọ́n á ka àkàyé, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, ó parí. Láàárín oṣù mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti yí padà di ti Nàìjíríà, Yorùbá rẹ̀ sì wà níbi tó wà.

Mo lọ bá ìyá tó ni iléèwé. Ó ní àwọn òbí fúnra wọn ló ń béèrè fún un, pé tí òun bá fàyè gba Yorùbá, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ síbòmíràn. Mo gbà á gbọ́, ó sì dùn mí wọ egungun.

Ẹ má rò pé ó ti yàtọ̀ látìgbà náà. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde ní Àbújá pé àwọn ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Èmi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní Mọdákẹ́kẹ́ ní 1970: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìyá mi tó jókòó tì mí yìí, 1955 tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ló wọ iléèwé. Yorùbá ló fi mọ̀wé kà. Ó sì ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lónìí láìbéèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé torí iléèwé ni, ẹ má náwó yín. Yorùbá tí ọmọ mi gbọ́ lọ́dún yẹn, ìdí ààrò ló ti gbọ́ ọ.

Alẹ́ ọjọ́ tí a dé, ó jáde síta, ó padà, ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá mi ké láti inú ilé pé, "Lèsí?" Ó ti kọ́ "Ta ni?" ní Malmö, kò mọ̀ pé bí Ìjẹ̀bú ṣe ń wí i nìyẹn. Ó rò pé orúkọ ẹnì kan ni. Ó ní, "Rárá o, Mọ́mì àgbà, èmi ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi á bó ewùrà tó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́, á gbé páànù tí wọ́n fi ìṣó dálu fún un kó fi rin ín. Epo àti ata á ti máa hó lórí iná, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ àti edé. Ìyá mi á máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kókó kókó. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi gbé ọmọrogùn, ó fẹ́ dà á pọ̀. Ìyá mi pariwo, "Má rò ó o!" Ọmọ dúró, ó wò ó lójú, ó ní, "Kí ni mi ò gbọ́dọ̀ rò?" Ó ti ń wá inú ọkàn ara rẹ̀ bóyá èrò burúkú kan wà níbẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fà á mọ́ra, ó ṣàlàyé pé téèyàn bá tètè ro ìkọ́kọrẹ́, kókó rẹ̀ á tú dànù, pé kó jẹ́ kó dì ná. Ó wá ṣàlàyé rò ti ìkòkò àti rò ti ọkàn fún un. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn ti ń bi mí pé, "Rò wo nìyẹn?"

Bí a ṣe padà dé Malmö, ilé ìdáná ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Yorùbá ni. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, kó nàka sí nǹkan náà, kó ní, "Kí ni wọ́n ń pe èyí?" Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ìkejì bínú gan-an. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó ti ibẹ̀ fi Swedish béèrè oúnjẹ. Mi ò bá a jà, mi ò sì dá a lóhùn. Oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà. Nígbà tí olùkọ́ tún bi í léèrè lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ní Yorùbá ni àwọn fi ń jẹun nílé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á.

Bàbá Ìbejì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lórí WhatsApp láàárọ̀ kí wọ́n tó sùn, ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ ilé lásán: ta ló jẹ búrẹ́dì mi tán, ta ló gbàgbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Owó ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ fẹ́ ná, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ọlidé, kí ẹ kó wọn wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n má wọ iléèwé kankan. Kí wọ́n jókòó ti ìyá yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹ tètè béèrè ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí ní Göteborg, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìyá mi ní kí n kí Táyé àti Kẹ́hìndé. Ó ní kí ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi, òun fúnra òun máa pè ní alẹ́ Sátidé, àwọn ọmọ ni kó gbé fóònù. "Lèsí?" ni òun máa fi bẹ̀rẹ̀.