Ṣé ọkọ̀ máa dúró dè wá ní Santorini?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi àti màmá mi fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gíríìsì lóṣù keje. Màmá ti pé ọdún 71, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Wọ́n ní a máa wà ní Santorini, erékùṣù kan níbẹ̀, láti aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. A fẹ́ dé ìlú Oia, a fẹ́ rí Akrotiri, ìlú àtijọ́ tí wọ́n wú jáde, a sì fẹ́ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Màmá lè gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ní ká má kánjú, pé káàdì tá a fi jáde á fi hàn pé a ò tíì padà, torí náà ọkọ̀ ò lè fi wá sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ó ti tàn kálẹ̀ jù, àwọn tó ń sọ ọ́ kò sì mọ ohun tí káàdì náà wà fún.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, òṣìṣẹ́ kan á fi káàdì yín kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dún "pín", àwòrán yín á sì yọ níwájú rẹ̀. Ẹ ti jáde nìyẹn. Bí ẹ bá padà, á tún dún. Tí àkókò ìpadà bá pé, orúkọ àwọn tí kò tíì wọlé ló máa ṣẹ́ kù. Wọ́n á pe orúkọ yín lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á kan ilẹ̀kùn yàrá yín. Bí wọn ò bá rí yín, ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí àpótí onírin tó wà nínú yàrá, wọ́n á yọ pásípọ́ọ̀tù yín, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún aṣojú wọn ní èbúté. Ọkọ̀ á wá lọ. Káàdì ló jẹ́ kí wọ́n mọ pásípọ́ọ̀tù ta ni kí wọ́n yọ. Kò so ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Èbúté tó kàn ti fún ọkọ̀ ní àyè àti aago. Bó bá pẹ́, eré ló máa fi dí i, eré sì ń jẹ epo gan-an. Ìrìn àjò tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá tà fún yín nìkan ni wọ́n sábà máa ń dúró dè. Síbẹ̀, ní Santorini, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń parí sí Fira, olú ìlú erékùṣù náà tó wà lórí òkè, ẹ̀yin lẹ máa wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ìdúródè yẹn ṣì kàn yín láti Fira.

Bí wọ́n bá fi yín sílẹ̀, àpò yín ni gbogbo owó ọkọ̀ tẹ máa fi lé wọn ti máa jáde. Tó bá jẹ́ pé Tọ́kì ni èbúté tó kàn, físà tún lè dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, bí ọkọ̀ bá máa ya Tọ́kì kó tó padà sí Gíríìsì, físà Schengen (ìyẹn físà tí Gíríìsì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò) tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ gbà. Òfin físà máa ń yí, ẹ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wá gbọ́ ti wákàtí 9 yẹn. Kò sí ibi tí ọkọ̀ ńlá lè fara tì lábẹ́ Fira. Inú ihò òkè ayọnáyèéfín tó rì ni omi yẹn wà, ó sì jìn gan-an. Ọkọ̀ kéékèèké ló máa gbé yín lọ sí èbúté Skala, àwọn tó ra ìrìn àjò ọkọ̀ ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Aago 8 lè di aago 9 kọjá kẹ́sẹ̀ yín tó kan ilẹ̀. Láti Skala, ẹ̀rọ tó ń rìn lórí wáyà, èyí tí wọ́n ń pè ní cable car, ló ń gbé èèyàn gun òkè. Ìṣẹ́jú 3 péré ló ń lò, àmọ́ yàrá 6 ló ní, èèyàn 6 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 36 nìyẹn. Bí èèyàn 720 bá wà níwájú yín, ó dìgbà tó bá lọ nígbà 20 kó tó kàn yín. Lọ́sàn-án, gbogbo èrò yìí ló máa fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ kékeré tó kẹ́yìn sì sábà máa ń lọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ ńlá tó ṣí. Torí náà, aago 2:45, kí ẹ ti wà lórí ìlà.

Màmá ò gbọ́dọ̀ gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àtẹ̀gùn 588 ló wà lójú ọ̀nà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti Fira dé Skala, òkúta rẹ̀ ń dán, ìgbẹ́ ẹranko tún mú kó máa yọ̀. Ẹranko náà máa ń fara gbún ògiri, bẹ́ẹ̀ orúnkún ẹni tó gùn ún ló yọ síta jù. Kí wọ́n má sì fẹsẹ̀ rìn ín.

Ìhà àríwá ni Oia wà, ìhà gúúsù ni Akrotiri. Ẹ mú ọ̀kan. Oia tó nǹkan bíi kìlómítà 11 sí Fira, bọ́ọ̀sì á gbé yín débẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀. Nítorí màmá, Akrotiri ló wù mí fún yín. Ìlú tí eérú òkè ayọnáyèéfín náà bò mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1600 ṣáájú Kristi ni, Spyridon Marinatos, awalẹ̀pìtàn ará Gíríìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í wú u jáde ní 1967. Òrùlé wà lórí ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ṣe síbẹ̀ sì rọrùn fún ẹsẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó máa ṣí lọ́jọ́ yẹn.

Ti oòrùn tó ń wọ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀. Lóṣù keje, ó máa ń tó nǹkan bí aago 8:30 alẹ́ kó tó wọ̀, ẹ ti wà lórí òkun nígbà yẹn.

Owó orí kan tún wà: Yúrò 20 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Ní ti meltemi, afẹ́fẹ́ líle tó máa ń fẹ́ láti àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá le, ọ̀gá ọkọ̀ lè fo Santorini pátápátá.

Aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti fóònù, pàápàá bí ọkọ̀ bá ti Ítálì wá, torí Gíríìsì fi wákàtí kan ṣáájú. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà aṣojú èbúté tó wà nínú ìwé ètò ojoojúmọ́ tí wọ́n ń fi sí yàrá yín, kí ẹ sì fi oògùn ọjọ́ méjì fún màmá sínú báàgì ọwọ́.