Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Pulọ́ọ̀tì Tó Ti Di Àkìtàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mushin ni mò ń gbé. Pulọ́ọ̀tì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, onílẹ̀ ò kọ́ nǹkan kan sí i látìgbà tí mo ti dé àdúgbò yìí, fẹ́ǹsì ẹ̀ ti wó, gbogbo èèyàn ló ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, ẹ̀fọn ò jẹ́ ká sùn, tílẹ̀ bá sì ti ṣú àwọn tó ń mugbó á kún ibẹ̀. Àwa aládùúgbò kan fẹ́ tún un ṣe ká gbin koríko àti ẹ̀fọ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà wá pé onílẹ̀ lè dé lọ́jọ́ kan kó ní a fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Kí la máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ tún un ṣe o, ẹ má fi sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹ wá onílẹ̀ kàn kẹ́ ẹ tó gbé àdá.

Irú nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kógbá sílé, èèyàn kó lọ, ilé wó, ilẹ̀ tó ṣófo nígboro wá tó nǹkan bí 40,000. Ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọgbà, Pennsylvania Horticultural Society, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdọ̀tí kúrò, wọ́n ń gbin koríko àti igi díẹ̀, wọ́n á wá fi pákó ṣe fẹ́ǹsì kúkurú tó ní ẹnu ọ̀nà, ẹlẹ́sẹ̀ lè wọlé àmọ́ ọkọ̀ tó fẹ́ da ìdọ̀tí ò lè wọ̀ ọ́. Olùṣèwádìí kan, Charles Branas, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú ilẹ̀ 541, wọ́n tún àwọn kan ṣe, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ bó ṣe wà kí wọ́n lè fi wéra, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 sì fi hàn pé ládùúgbò tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, ìbọn yíyìn dín kù ní ìdá 29 nínú 100. Koríko, igi àti fẹ́ǹsì kúkurú ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ṣe é o!

Ìwé àdéhùn lórí ilẹ̀ ló wá le. Ní New York, Liz Christy àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń dá ọgbà sílẹ̀ nígboro, Green Guerillas, tún ilẹ̀ kan ṣe ní 1973, ọdún tó tẹ̀ lé e ìjọba ìlú háyà ẹ̀ fún wọn ní dọ́là kan lóṣù. Àmọ́ nígbà tó di 1999, ìjọba ìlú yẹn fẹ́ lu ọgbà tó lé ní 100 ní gbàǹjo, àfìgbà táwọn tó lówó wá rà wọ́n sílẹ̀.

Nílé wa níbí, àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ á san ìṣákọ́lẹ̀, kò sì ní gbin igi tó ń pẹ́ láìgbàṣẹ, torí irú igi bẹ́ẹ̀ ló ń fa ìjà ta ló nilẹ̀. Torí náà ẹ̀fọ́ àti koríko ni kẹ́ ẹ gbìn, ẹ má gbin máńgòrò, ẹ má to búlọ́ọ̀kù kankan. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò àti CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) yín léèrè onílẹ̀, tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí lọ́yà lọ wo ìwé ilẹ̀ ní Aláùsá. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló nilẹ̀, iye ọdún tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó, àti iye oṣù tó máa fún yín kẹ́ ẹ tó kó kúrò, kí CDA fọwọ́ sí i. Ẹ máa gbé ẹ̀fọ́ lọ fún un nígbà tẹ́ ẹ bá kórè, ìṣákọ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ á dúpẹ́ pàápàá, torí ẹ ń bá a ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà tó nípọn tẹ́ ẹ bá ń ro ibẹ̀, ìgò àti abẹ́rẹ́ ò ní ṣàì wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti da bátìrì tàbí ọ́ìlì síbẹ̀ rí, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sí ilẹ̀ yẹn gan-an, òjé inú bátìrì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, inú àpò tẹ́ ẹ rọ iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ sí ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí. Kẹ́ ẹ tó náwó sórí òdòdó, ẹ kọ́kọ́ dá owó ẹni tí á máa gé koríko lásìkò òjò àti owó PSP tó ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀.