Irin gáàsì tí wọ́n fi ń jó ìwo ọmọ màlúù: kí ló dé tí ìwo tún ń yọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Mo ń sin màlúù tó ń fún wàrà lọ́nà Ìsẹ́yìn, àdàpọ̀ Friesian àti màlúù funfun àwọn Fúlàní ni wọ́n. Àbúrò mi tó wà ní London ló bá mi mú irin onígáàsì tí wọ́n fi ń jó ìwo wá, ọlọ́wọ́ ni, èyí tí gáàsì ń wà nínú ọwọ́ ẹ̀. Mo fi ṣe ọmọ màlúù mẹ́fà lọ́jọ́ kan náà. Mẹ́ta àkọ́kọ́, orí wọn dán bọ̀rọ́, àmọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ti tún ń yọ ìwo tó wọ́, wọ́n ti tó oṣù mẹ́rin báyìí. Irin náà sì tún máa ń kú fúnra ẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Mẹ́ta míì ṣì wà nílẹ̀ tí ò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Irin yín ò tíì bàjẹ́, ó kàn ń tutù mọ́ yín lọ́wọ́ ni. Ẹ wò ó, ọwọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà, irin kan náà, mẹ́ta dára, mẹ́ta ò dára. Nígbà tí ẹ fi máa dé orí ìkẹrin, gáàsì ti ń lọ sílẹ̀, irun àti awọ tó jóná ti lẹ̀ mọ́ ẹnu irin, mo sì lè búra pé ẹ ò dúró kó tún pọ́n kí ẹ tó kì í bọ ìwo kejì.

Irin tí ò gbóná tó yìí gan-an ló ń ṣe ọmọ màlúù ní jàǹbá, kì í ṣe èyí tó pọ́n. Tó bá pọ́n dáadáa, sẹ́kọ́ńdù 10 ti tó fún ìwo kan, kó má ju 15 lọ. Tó bá kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí títí, ìwo ò ní kú, ooru á wá máa wọ egungun lọ, agbárí ọmọ màlúù sì fẹ́lẹ́, ọpọlọ ló wà lábẹ́ ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí, ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo di irin mọ́ orí ọmọ màlúù kan fún bí ìṣẹ́jú kan torí ojú ń tì mí láti sọ fún olóko pé irin mi ò gbóná, ọjọ́ kẹta ẹran náà ò lè dìde mu wàrà mọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ máa wò ó bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń wo irin. Àmọ́ inú oòrùn ẹ ò lè rí i pé ó pọ́n, ẹ wọ abẹ́ òjìji kí ẹ wò ó níbẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ò ti ní máa fẹ́ iná ẹ̀ pa. Ẹ tún wá pákó kan, ẹ tẹ ẹnu irin mọ́ ọn kí ẹ yí i díẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdù 3: ó gbọ́dọ̀ jó òrùka dúdú tó pé sára igi. Tí òrùka yẹn bá já níbì kan, ìdọ̀tí ló wà lẹ́nu ẹ̀ tàbí kó máà tíì gbóná.

Kí ẹ tó kàn án mọ́ ẹran, abẹ́rẹ́ o! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí irin yẹn ti wá, òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi irin jó ìwo láìmú ojú ibẹ̀ kú ná. Lignocaine ni, 3 sí 5 ml ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní agbedeméjì igun ojú àti ìdí ìwo, ẹ máa fọwọ́ kan egungun kan tó yọ bí etí àwo, abẹ́ ẹ̀ ni iṣan tó ń gbé ìrora gbà kọjá. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko àdúgbò yín fi hàn yín nígbà àkọ́kọ́. Ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 10, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ìdí ìwo wò, tí ẹran náà ò bá mira, oògùn ti mú un. Kí dókítà tún fún un ní meloxicam, oògùn ìrora ni, torí tí lignocaine bá ti lọ lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì, ìrora á dé.

Ẹ gé irun ibẹ̀, kí ẹnì kan di orí ẹran mú gírígírí, ẹ fi ìka ti kókó ìwo náà: tó bá ṣì ń yẹ̀ lórí egungun, àsìkò ẹ̀ nìyẹn, èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ṣì dáa. Ẹ tẹ irin mọ́ ọn kí ó bo kókó náà, ẹ máa fi ọrùn ọwọ́ yí i. Èéfín á rú, òórùn irun jíjó á gba imú yín. Tí ẹ bá gbé e, ẹ máa rí òrùka tó ní àwọ̀ bàbà yí kókó náà ká, àmì tí à ń wá nìyẹn. Tí ibì kan bá ṣì funfun lára òrùka yẹn, ibẹ̀ ni ìwo máa gbà yọ padà, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún fi irin kàn, fún sẹ́kọ́ńdù díẹ̀. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin nu ẹnu ẹ̀, ẹ dúró kó tún pọ́n kí ẹ tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ti kíkú tó ń kú yẹn, mo fura sí gáàsì yín. Ṣé kì í ṣe gáàsì ìdáná lẹ fà sínú ẹ̀? Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń bá èèyàn ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò mọ́, propane wà nínú ti ìdáná, agbára ẹ̀ ju ohun tí àgbá kékeré yẹn lè gbà lọ, ìdọ̀tí inú ẹ̀ sì ń dí ihò tíntín tí gáàsì ń gbà jáde. Gáàsì láítà tó mọ́, inú agolo, ni kí ẹ rà. Ìta gbangba lẹ ti máa rọ ọ́, kí irin ti tutù pátápátá, kí sìgá kankan má sí nítòsí. Tí ihò bá ti dí, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un o, ihò á fẹ̀ sí i, iná á wá máa pọ́n yẹ́lò. Ẹ tú u, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti padà sípò, ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí wọ́n ti so ó, tó bá hó, ó ń jò.

Nígbà ọyẹ́ eṣinṣin ò pọ̀, egbò á tètè gbẹ, ìgbà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, àmọ́ koríko gbígbẹ ń gbaná bí epo, ẹ má ṣe é nínú ilé ẹran, kí omi wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ sì tún rò ó o, akọ tí ẹ bá fẹ́ tà nígbà Iléyá, ẹ fi ìwo ẹ̀ sílẹ̀, oníbàárà máa ń fẹ́ ẹran tí ìwo ẹ̀ pé.

Àwọn mẹ́ta tó ti tó oṣù mẹ́rin yẹn, ẹ má fi irin kàn wọ́n mọ́, ìwo ti lẹ̀ mọ́ agbárí. Dókítà ló máa fi wáyà gé e pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ máa wò ó lóṣooṣù, ìwo tó wọ́ bẹ́ẹ̀ lè yí padà gún ẹran lójú, tó bá ti ń súnmọ́ awọ, ẹ tètè pe dókítà kó wá gé ṣónṣó ẹ̀.